Òrùlé Aṣọ

Òjò ti ṣú dẹ̀dẹ̀, káfíńtà ò sì tíì lè pinnu.

Ó tún wọ tirela ìpàgọ́ kan tí wọ́n ń tà, yàrá kékeré tí ọkọ̀ ń fà, èyí tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tó ṣeé ká.

"Ṣé kò sí nǹkan tó wúwo lókè yìí ṣá?" Ó bi ọlọ́jà tó ń tà á.

"Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé e dúró," ni ọlọ́jà dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbádùn ìpàgọ́, ẹ mú olórùlé páànù tọ̀hún. Ìjì ò lè mì í."

"Mo ní mi ò fẹ́ páànù!"

Ọlọ́jà ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè.

Ojú ti káfíńtà. "Àbúrò, má bínú. A ò lọ pàgọ́ níbì kankan."

Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀ tó jókòó síta lórí òkúta.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wó lù ú. Látìgbà tí wọ́n ti hú u jáde, kò wọlé mọ́. Ìta gbangba ló ń sùn."

Ó jáde lọ fà á lọ́wọ́ wọ inú tirela. Obìnrin náà dùbúlẹ̀, ó tẹjú mọ́ òkè.

"Tó bá wó ńkọ́?"

"Aṣọ lásán ni yóò bò wá, ìyàwó mi."

Òjò bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà ò dìde.