Elépo Tó Ń Ṣọ́ Okùn Aṣọ Aládùúgbò

Alátojúbọ̀ ni Tormod, agbéraga sì tún ni. Òun ló ni ilé epo kan ṣoṣo tó wà ní Garradale, abúlé wa létí òkun ní àríwá Skọ́tílándì. Ẹni tí kò bá ra epo lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó lọ sí ìlú tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, ogójì máìlì lọ, ogójì máìlì bọ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìjọ rẹ̀. Òun ló ń lé Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwa yòókù ń gbè é. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó máa ń ti ilé epo rẹ̀ pa, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i. Lọ́dọ̀ wa, àwọn àgbà kì í tilẹ̀ sá aṣọ síta lọ́jọ́ náà. Ibi tí Tormod ti bà á jẹ́ ni pé ó lọ ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó ní ẹyẹ lòun fẹ́ máa wò. Irọ́ ńlá! Okùn aṣọ wa ló ń wò.

Ceit ìyàwó rẹ̀ á pè é títí: “Bàbá Mairead, ẹ gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá jẹun.”

“Dúró ná! Wọ́n tún ti sá ọ̀kan sí i!”

Nọ́ọ̀sì wa, Jadwiga, ọmọ Pólàǹdì ni, ìjọ Àgùdà ló sì ń lọ. Mọ́tò kékeré kan ló fi ń kiri ilé àwọn aláìsàn. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló fi ń gbélé, bẹ́ẹ̀ òjò ibí yìí kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Tí oòrùn bá yọ ní Sọ́ńdè, á sá aṣọ tirẹ̀.

Ní Mọ́ńdè kan, ó yà sí ilé epo. Ó ń lọ di ọgbẹ́ ẹsẹ̀ Alàgbà Calum, àgbà ìjọ Tormod gan-an, tó ń dá gbé ní ìpẹ̀kun pápá. Dókítà ti kìlọ̀ pé ọgbẹ́ náà kò gbọdọ̀ lo ọjọ́ méjì láìjẹ́ pé wọ́n wẹ̀ ẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ lè lọ sí i.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ bá mi rọ ọ́ kún.”

“Mi ò tà,” ni Tormod wí. “Mo rí ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà lánàá. Mo tún rí yẹ̀rì pupa kan.”

“Háà! Ẹ jókòó ka ìbọ̀sẹ̀ mi?”

“Ẹ̀sìn mi ò gbà kí n tajà fún ẹni tó ń ba ọjọ́ Olúwa jẹ́. Ẹ̀yin ará Àgùdà wọ̀nyí, ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run!”

“Ẹsẹ̀ Alàgbà Calum wá ńkọ́?”

“Kó gbàdúrà sí i.”

Ó tún kéde pé ẹni tó bá bu epo fún nọ́ọ̀sì, òun náà ò ní rí rà mọ́. Ẹ̀rù bà wá, a sì panu mọ́. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Jadwiga gbé báàgì kọ́rùn, ó ń fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́rin lọ, mẹ́rin bọ̀, nínú òjò. Lọ́jọ́ kẹwàá, ibà dá òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀. Kó tó gbádùn, wọ́n ti gbé Calum lọ sí ọsibítù, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Ni Jadwiga bá pe Tormod lẹ́jọ́. Tayọ̀tayọ̀ ni bàbá wọ kóòtù, tòun ti táì dúdú.

“Ẹ̀tọ́ mi ni láti sin Ọlọ́run mi, Olúwa mi,” ló wí. “Tó bá sì ṣe pé ẹ̀rí lẹ ń wá, mo ṣọ́ okùn obìnrin yìí ní Sọ́ńdè mẹ́rìnlá! Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́, àfi ìgbà tí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Calum fi ọ̀pá dìde. “Tormod, nínú gbogbo iṣẹ́ tó o ṣe yẹn, ìgbà wo lo ráyè sinmi?”

Ẹ̀rín bú nínú kóòtù. Ceit náà fọwọ́ bojú rẹ́rìn-ín.

“Ẹsẹ̀ mi yìí ńkọ́?” ni Calum tún bi í. “Ṣé òun náà sá aṣọ ni?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Adájọ́ ní, “Ọ̀gbẹ́ni, tẹ́ ẹ bá tilẹ̀kùn yín ní Sọ́ńdè, kò sẹ́ni tó máa fipá ṣí i. Ẹ̀sìn yín nìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ṣí i fún gbogbo ayé ní Mọ́ńdè, ẹ ò lè máa wo ìjọ tí oníbàárà ń lọ kẹ́ ẹ tó ta epo fún un.” Ó ní kí Tormod san owó gbà-má-bínú fún Jadwiga, kó sì máa ta epo fún un.

Ǹjẹ́ ó gbọ́? Ó ní kàkà kóun ta epo fún un, òun á kúkú ti ilé epo pa. Ceit bẹ̀ ẹ́ títí, etí ikún ló kọ sí i, ó sì tì í pa lóòótọ́. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn alàgbà gba lílé Sáàmù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣiṣẹ́ ní Sọ́ńdè mẹ́rìnlá, kó lọ sinmi lẹ́yìn. Àwa ará abúlé dáwó jọ, a gbé ẹ̀rọ epo tiwa kalẹ̀. Nígbà tá a dìbò bóyá ká máa tì í lọ́jọ́ Ìsinmi, a ní ká tì í. Jadwiga gan-an nawọ́ sókè pé ká tì í.

Ní Túsìdeè kan, èmi ló kàn láti ta epo. Tormod wa mọ́tò rẹ̀ dé, ó jáde, ó ń wo ilẹ̀.

“Ṣé wàá tà fún mi?”

Èébú ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. “Lítà mélòó?” ni mo bi í.

Omi ló dà lójú àgbàlagbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi Tormod kọ́gbọ́n. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láì fara kanra. Di ìgbàgbọ́ rẹ mú ṣinṣin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ, àmọ́ bí o bá ti pe ọjà rẹ ní ti gbogbo ènìyàn, tà á fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá Ọlọ́run ṣe ọlọ́pàá, kó kọ́kọ́ bi Í léèrè bóyá Ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.