Ewé Ọba ni Òkété Fi San Owó Orí

Àlọ́ mi kò rìn jìnnà, ẹnu ihò Òkété ló balẹ̀ sí.

Òkété gbẹ́ kànga fún Kìnnìún ọba. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àgbàdo tí ọba fi ń san owó iṣẹ́ ti tán nínú àká ààfin, ni Kìnnìún bá fi èékánná sàmì sí ewé, ó ní, "Di èyí mú. Gbèsè mi ni."

Kò pẹ́, Ìkokò agbowó-orí dé. "Òkété, àgbàdo owó orí dà? Àbí kí n lé ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ jáde nínú ihò yìí?"

Òkété na ewé sí i.

Ìkokò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ewúrẹ́ ni mo jọ lójú rẹ ni?"

Òkété bá gbé orin lọ sí ààfin:

Ọba ló fún mi léwé o,
*Àmì ọba!*
Bí ọba bá kọ àmì ọba sílẹ̀,
*Àmì ọba!*
Ta ni yóò gbà á?
*Àmì ọba!*

Gbogbo ẹran tí ọba jẹ ní gbèsè ló ń gbè é, ewé alámì tiwọn náà lọ́wọ́ wọn. Kìnnìún wò wọ́n títí. Ó rí i pé bí òun bá kọ̀ láti gba ewé yìí, kò sẹ́ni tí yóò ṣiṣẹ́ fún òun mọ́. Ó gbà á, ó ní, "Òkété, o ti san tìrẹ. Máa lọ bá àwọn ọmọ rẹ."

Ìkokò kùn: "Kábíyèsí, owó iṣẹ́ tèmi ńkọ́?"

Kìnnìún na ewé náà sí i.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé: ẹni tó bá tẹ àmì, kí ó mọ̀ pé àmì náà yóò padà wálé.