Fèrèsé Tí A Kò Gbọdọ̀ Tì

Igi iwájú ilé wa ti tún tanná, ojú ìyàwó mi sì ti pọ́n bí ẹyin iná.

Ó ń ránṣọ, ó ń nujú. Abẹ́rẹ́ ti gún un níka lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí.

Apoògùn ní ká máa fi aṣọ tá a rẹ sómi tútù lé e lójú, ká kán oògùn sí i, ká sì ti gbogbo fèrèsé kí eruku òdòdó igi náà má bàa wọlé.

Gbogbo rẹ̀ là ń ṣe, àfi fèrèsé yàrá ọmọ wa.

"Jẹ́ kí n tì í, jọ̀ọ́."

"Ẹ má dán an wò! Ibẹ̀ ló bá jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá a jà. Ṣé kó wá bá a ní títì ni?"

Ọdún kẹta rèé.

Ó kán oògùn sójú ara rẹ̀ tán, ó wò mí.

"Háà, Bàbá wọn, ojú tiyín náà ti pọ́n! Eruku igi yìí ò dá ẹnikẹ́ni sí."

"Eruku náà ni."

"Ẹ gbójú sókè."

Mo gbójú sókè.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí. N ò tíì rí ẹnu sọ ọ́.

"Ẹ má ṣẹ́jú," ló ń wí. "Á fúyẹ́ láìpẹ́."