Ògiri Àárín Aláṣọ àti Ìyá Aláago

"Ẹ má kàn án mọ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀!"

Aláṣọ já òòlù gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ kan pátákó mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá aláago. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó náà pé ṣọ́ọ̀bù tó pẹ́ jù láàárín ìlú nìyí.

"Bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ kọ́lé síbí! Àwọn tiẹ̀ kàn wá lẹ̀ mọ́ ògiri wa ni, bí eégbọn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ajá."

"Ṣé ìwọ wá ni ajá nìyẹn?" ni ìyá aláago bi í. Ó pòṣé, ó wọlé lọ.

Inú bí aláṣọ. Ó fa òṣìṣẹ́ náà wọ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó da àwọn ìgàn aṣọ sílẹ̀, ó sì dojú òòlù kọ ògiri tí òun àti obìnrin náà jọ ń lò.

"Ẹ ó rí bíríkì tí bàbá bàbá mi fi mọ ògiri yìí lónìí!"

Ó ń lù ú, ó ń ṣépè. Sìmẹ́ńtì ń ya lulẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àmọ́ kò rí bíríkì. Fèrèsé onípákó àtijọ́ kan ló rí, tó wà ní títì.

Òṣìṣẹ́ fọwọ́ pa á. "Òjò ti na pákó yìí gan-an," ó ní. "Báwo lòjò ṣe wọ inú ṣọ́ọ̀bù yín?"

Kí aláṣọ tó fèsì, ẹnìkan taari fèrèsé náà láti òdì kejì. Ó ṣí gbàgà, ó gbá aláṣọ láyà. Ìyá aláago yọrí.

"Ta ló ní kó o wá pàtẹ síta wa?"