Ta Ló Ń Yọ́ Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Oníbàárà?

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!" Obìnrin àgbà tó ń so tẹlifóònù pọ̀ fún gbogbo Adó ló jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ Monínúọlá, ọmọbìnrin tuntun tó jókòó tì í.

"Àǹtí, okùn ni mo fẹ́ mú."

"Mo gbọ́."

Kò gbà á gbọ́. Ọjọ́ tí ọmọ yìí ti dé ni ara ti ń fu ú pé ó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ oníbàárà. Láti ìgbà náà ni òun fúnra rẹ̀ ti ń tẹ swíìṣì ìgbọ́ran wò, bóyá òun á bá èémí ọmọ náà lórí wáyà. Ọ̀gá wọn ti kìlọ̀ pé iná pupa ni kí wọ́n máa wò bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ, kí wọ́n má fọwọ́ kan swíìṣì. Ṣùgbọ́n iná wo ló mọ amí? Ìfura loògùn àgbà. Àwọn oníbàárà náà kúkú ti wá ń ráhùn báyìí pé nǹkan ń dún "tá" sáwọn létí.

Iná kan tàn. Ó rọra tẹ swíìṣì. Kò dún létí tirẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ bó ṣe dún yẹn?" Oníṣòwò kòkó kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni.

"Mo gbọ́, sà." Ohùn ọ̀gá wọn ni. "Mo sì ti rí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́."

Ọwọ́ bà á! Ó yíjú sí Monínúọlá tayọ̀tayọ̀. Ọmọ náà ń fi ọwọ́ méjèèjì tún síkáàfù rẹ̀ so.

Obìnrin àgbà náà gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì ọ́fíìsì, ọ̀gá gbé tẹlifóònù sétí, ó ń wo ìka obìnrin náà lórí swíìṣì.