Ojú Adìẹ Tó Ní Ayé Kò Ṣe É Jẹ

Àlọ́ o! Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Adìẹ lójú méjèèjì.

Ọpọlọ Adìẹ là sí méjì bí awẹ́ obì. Awẹ́ kan ń fi Ojú Ọ̀tún ṣa àgbàdo nínú yanrìn. Èkejì ń fi Ojú Òsì wo gbogbo ayé nítorí Àṣá.

Lọ́jọ́ kan, Ojú Ọ̀tún fara ya. "Ọ̀lẹ! Kí lo rí mú wá láti àárọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ayé ni mò ń wò."

"Ṣé ayé ṣe é jẹ ni?"

Ebi ń pa Adìẹ, ó bá gbè sẹ́yìn Ojú Ọ̀tún: kí ojú méjèèjì máa wolẹ̀. Ó jẹ àgbàdo títí ikùn rẹ̀ fi rí rọ̀gọ̀dọ̀.

Òjìji Àṣá balẹ̀ níwájú wọn. Ojú Ọ̀tún yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. "Èyí kì í ṣe àgbàdo. Ẹ jẹ́ ká máa bá oúnjẹ wa lọ." Ni Àṣá bá gbé Adìẹ, ó di òkè! Ẹ bá mi gbè é:

Ojú Ọ̀tún, kí lo rí?
— Àgbàdo!
Ta ló ṣíji bò wá?
— Àgbàdo!
Èékánná ta ló gún wa lẹ́yìn?
— Àgbàdo!

Adìẹ ti wúwo jù, apá Àṣá kò ká a mọ́. Ó jù ú sílẹ̀, ó já sínú ẹrẹ̀ pọ̀ọ̀.

Ojú Ọ̀tún ò tiẹ̀ tíì nu ẹrẹ̀ kúrò tó fi ń fọ́nnu: "Ẹ ò rí i? Àgbàdo mi ló gbà wá!"

Ojú Òsì ti ń wòkè. Àṣá tún ti ń yí bọ̀.

Ẹni tó bá ní mo purọ́, kó lọ wo adìẹ rẹ̀ bó ti ń jẹun: ojú kan wolẹ̀, ojú kan wòkè. Èyí tó wolẹ̀ ló ń pariwo.