Ọsàn Tó Ń Yí Lọ Síbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin ọmọ, ní ìlú Òkè-Ìṣọ́, ọ̀nà mọ́tò kan wà tó gba inú òkè kọjá bí ihò òkété. Ilé kún orí òkè náà. Nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ ju ihò náà lọ, wọ́n gbé iṣẹ́ fífẹ̀ ẹ́ fún Enjinnía Akínwándé. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́, n kò ní í parọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò kàwé tó o.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ díẹ̀, kí wọ́n fi irin gbé òkè náà ró, kí wọ́n tó tún gbẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ti mú ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ọ̀nà. Ló bá ní kí wọ́n máa gbẹ́ lọ, irin á tẹ̀lé e. Ẹnikẹ́ni ò bi àwọn tó ń sùn lókè léèrè. Àbí ọlọ́kọ̀ nìkan lèèyàn ni?

Màmá Àwẹ̀ró, tí ilé rẹ̀ wà lórí ihò náà gan-an, sọ̀ kalẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Enjinnía, ilẹ̀ ilé mi ti ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Akínwándé rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀rọ la fi ń wọn ilẹ̀. Ẹ̀rọ ò sì tíì sọ nǹkan kan."

"Ẹ̀rọ yín ò sùn lọ́dọ̀ mi. Ẹ wá mu ọsàn, ọkọ mi."

Oòrùn ń mú, ó tẹ̀lé e gòkè lọ sílé. Màmá gbé ọsàn kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọsàn yí gbirigbiri, ó di ẹnu ọ̀nà. Akínwándé lọ gbé e padà. Ó tún yí lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ọsàn tún gbéra.

"Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń kó ọsàn sílẹ̀ níbí," ni Màmá wí. "Ìjẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi iṣẹ́ yín. Ṣé ẹ ti gbà wọ́n síṣẹ́ ni?"

Enjinnía ò rẹ́rìn-ín mọ́: òkè ti ń rì sínú ihò. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń pariwo pé, "Ẹ dúró! Ẹ jáde!" Ọjọ́ náà ni wọ́n fi irin gbé òkè ró. Ọjọ́ àwọn aláṣẹ dé, ó kọjá lọ, ayé ò bàjẹ́. Wọ́n ń gbẹ́ díẹ̀, wọ́n ń gbé e ró díẹ̀. Wọ́n tún ilẹ̀ ilé Màmá ṣe kó lè tẹ́jú. Àràárọ̀ ni Akínwándé fúnra rẹ̀ ń lọ gbé ọsàn kalẹ̀ nílé Màmá. Ọsàn sì jókòó jẹ́ẹ́.

Nígbà tí ọ̀nà parí, ilé kan ò wó lókè. Màmá Àwẹ̀ró àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ló kọ́kọ́ jó gba ibẹ̀ kọjá, apẹ̀rẹ̀ ọsàn lórí Màmá. Enjinnía ń gberin lẹ́yìn wọn, ohùn rẹ̀ ò dùn rárá, gbogbo wọn sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ rèé: ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ abẹ́ ilé ẹlòmíì, kó kọ́kọ́ bi onílé. Ìwé dára, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ àṣeyẹ tó tó ẹ̀mí ènìyàn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.